Ẹni Tí Iná Gbé ní Karu: Ọrùn Ta Ni Gbèsè Náà Wà?

Bí ìròyìn bá dé etí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Karu pé iná mànàmáná ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí òpó, ohun tí yóò tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé ìdálẹ̀ pẹ́. Alága yóò pe ìpàdé pàjáwìrì, akọ̀wé yóò ṣí ìwé, akápò yóò sì gbé àwo kalẹ̀. Oníkálùkù yóò máa dá èyí tí agbára rẹ̀ ká: ẹlòmíràn ẹgbẹ̀rún kan náírà, ẹlòmíràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú lọ ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, nítorí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Owó pósí ni yóò tẹ̀lé e. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò fi lé opó lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe pé ẹni náà kò kú, ṣùgbọ́n tí iná jó apá rẹ̀ débi pé àwọn oníṣègùn ní láti gé e, ilé ìwòsàn ni owó àwo náà yóò bá lọ, kì í sì í tó.

Ìwà ọmọlúwàbí ni irú ìdáwó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábàá jáde nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀, òun náà ni pé: gbèsè ta ni ẹgbẹ́ ń bá a san? Láti ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti tọ́ka sí ẹni tí ó jẹ gbèsè náà. Kì í ṣe alága, kì í ṣe akápò, kì í sì í ṣe ìyá àgbà tí ó ń ta ẹ̀wà ní Jikwoyi tí ó tú ìdí aṣọ láti dá igba náírà tirẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Kano, ní Jos, ní Minna tàbí ní Port Harcourt, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí Karu jẹ́. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni láti ayébáyé. Nígbà tí ìjọba ológun gbé òfin jáde ní oṣù kejì ọdún 1976 pé àgbègbè Àbújá ni yóò di olú-ìlú, tí iṣẹ́ ìkọ́lé sì bẹ̀rẹ̀, ìhà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ṣe ibùsùn: àgọ́ àwọn lébìrà wà ní Nyanya, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà ní Karu. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, àdúgbò náà kò tíì dẹ́kun fífẹ̀. Láti Karu dé Jikwoyi, dé Kurudu, dé Orozo, ilé ń hù bí olú, kò sì sí ilé tí kò fẹ́ iná. Ibi tí ilé bá ti ń hù ni bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ḿbà àti oníṣẹ́ iná ń sáré sí. Láti Ọ̀yọ́, láti Ọ̀ṣun, láti Kwara àti láti ilẹ̀ Okun ní Kogi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa ti wá, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ nílé tí wọ́n sì wá jẹ èrè rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ iná kò jọ iṣẹ́ mìíràn nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Káfíńtà tí ó bá ṣèèṣì fi òòlù lu ìka yóò kígbe, yóò fi ìka sẹ́nu, yóò sì tún mú òòlù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì fara kan wáyà tí ó gbé 33,000 fóòltì kì í sábàá rí àyè kígbe. Ewu náà kì í sì í ṣe ti àìmọ̀ọ́ṣe nìkan, bí àwọn kan ti máa ń sọ nídìí òkú. Ènìyàn lè mọ iṣẹ́ náà dé inú egungun, kí ó gba ìdánilójú pé wọ́n ti pa iná ojú ìlà náà, kí ó gun òpó lọ, kí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ pé ènìyàn wà lókè sì tún un tàn. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó tàn án níbi tí wọ́n ti ń pín iná. Onílé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síṣẹ́, tí kò ní ohun èlò tí ó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìta. Iná ilé rẹ̀ yóò sá padà sójú wáyà, yóò gba inú tíráńsífọ́mà kọjá, yóò sì ti di iná ńlá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lókè. Onílé náà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ̀ pé òun ti pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé wà tí wọ́n kọ́ sí abẹ́ wáyà ńlá, níbi tí àkàbà onírin kan tí a kàn gbé nàró ti tó láti mú ẹni tí ó gbé e àti ẹni tí ó bá a dì í mú.

Fún ìdí èyí ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà, akoto, bàtà àti bẹ́líìtì fi ṣe pàtàkì, tí ìjọba sì fi dá àjọ NEMSA sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2015, kí ó lè máa yẹ iṣẹ́ iná wò, kí ó sì máa fún àwọn oníṣẹ́ tí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n ní ìwé-ẹ̀rí. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ìṣọ́ra bá kùnà, ìwé-ẹ̀rí kò ṣeé sè fún ọmọ jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ adójútòfò ti wọlé.

Kì í ṣe òní ni ayé ti ń ronú sí i. Ní àtijọ́, òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa gbọ́dọ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ, kí ó sì fi hàn gbangba pé ẹ̀bi ọ̀gá òun ni. Mélòó ni tálákà tí apá rẹ̀ ti gé tí ó lè gba lọ́yà? Ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ yí i padà pẹ̀lú òfin ọdún 1884, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe tirẹ̀ ní 1897. Ìpìlẹ̀ àwọn òfin náà ni pé iṣẹ́ ni ó bí ìjàǹbá, nítorí náà iṣẹ́ ni yóò tọ́jú ẹni tí ìjàǹbá bá. Kò sí pé à ń wá ẹlẹ́bi kiri. Ìjọba amúnisìn gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde fún Nàìjíríà ní 1941, ìjọba ológun sì tún un ṣe ní 1987. Lábẹ́ òfin 1987 yìí, bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ lọ́nà méjìlélógójì (42) ni wọn yóò kó fún àwọn tí ó fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn fi ra ilẹ̀. Ẹlòmíràn, owó náà kò ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá tí àwọn ẹbí ọkọ bá ti dé. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí a pè sí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti òwò ẹni tí ó pè é kò tilẹ̀ sí nínú àwọn tí òfin náà kà kún òṣìṣẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó gbà-má-bìínú fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé àjọ NSITF lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òfin yìí àti ti àtijọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ há sórí. Nígbà tí òfin náà ń sọ ẹni tí òun ń pè ní òṣìṣẹ́, kò sọ pé ẹni tí ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni. Ó ní àdéhùn náà ìbáà jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ìwé. Ó ní ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àṣelọ, iṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́, iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tàbí iṣẹ́ ojúmọ́. Ó tún dárúkọ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé pàápàá, bí kò bá ti jẹ́ ẹbí ẹni tí ó gbà á. Ó ní iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, iṣẹ́ aládàáni wà níbẹ̀, àti àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí kò ní ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé òun gan-an ni kókó. Ọmọdékùnrin ọdún méjìdínlógún tí ó ń ru àkàbà tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ káàkiri Karu, tí kò gba ju owó oúnjẹ lọ, tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè ní “ọmọ mi”, òṣìṣẹ́ ni lójú òfin. Ọ̀gá tí ó ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta, tí ó rò pé ìjọba kò mọ òun rí, agbanisíṣẹ́ ni lójú òfin.

Ohun tí òfin sì béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kò pọ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣù ni. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá sì mú kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní béèrè ohunkóhun, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 ni 70,000 náírà. Bí oníṣẹ́ iná bá ń gba iye yìí, 700 náírà ni ọ̀gá rẹ̀ yóò máa dá lóṣù, èyí tí í ṣe 8,400 náírà lọ́dún kan gbáko. Bí òṣìṣẹ́ náà bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tí ó fi aya àti ọmọ méjì sílẹ̀, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún wọn lóṣooṣù: 63,000 náírà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ni ó fi sílẹ̀ pẹ̀lú aya, ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún ni. Ti àwọn ọmọ yóò máa bá a lọ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 21, tàbí títí wọn yóò fi jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Bí ó bá ṣe pé kò kú ṣùgbọ́n tí ó di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, ìdá àádọ́rùn-ún náà ni yóò máa gbà. Ìwòsàn pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin náà tilẹ̀ nasẹ̀ dé ojú ọ̀nà láàrin ilé àti ibi iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà láti Orozo lọ sí Asokoro ní àárọ̀ kùtù.

Ẹ fi èyí wé owó inú àwo. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì dá 2,000 náírà, yóò kó 200,000 jọ. Opó tí ó ń gba 63,000 lóṣù yóò ti gba ju èyí lọ kí oṣù kẹrin tó parí, oṣù karùn-ún yóò sì tún dé. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí apá rẹ̀ lè ká irú ìyẹn.

Bí òfin bá dùn tó báyìí, kí ló dé tí ìdáwó kò dáwọ́ dúró? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá mọ òfin náà dáadáa, nítorí pé ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí NSITF kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n á dá owó, wọ́n á sì gba ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn wo ni ó wà nínú ìwé owó oṣù tí wọ́n fi ṣírò ìdá kan náà? Akọ̀wé wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ńlá á gé e fún agbaṣẹ́ṣe kékeré, ti kékeré á gé e fún ọ̀gá oníṣẹ́ iná kan, ọ̀gá náà á sì lọ ṣa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ. Ẹni tí ó gun òkè kọ́ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Lójú àwọn tí ń yẹ ìwé wò, gbogbo nǹkan pé. Lójú òpó iná, ènìyàn ni kò pé. Ó yẹ kí àwọn tí ń fún ni ní ìwé-ẹ̀rí máa jáde kúrò ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ ka orí àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti fa iṣẹ́ iná pínpín lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí ti agbègbè Àbújá, Nasarawa, Kogi àti Niger fi bọ́ sọ́wọ́ AEDC. Òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná nìkan ni ó ń gun òpó. Tíráńsífọ́mà jó, àdúgbò dá owó jọ láti ra òmíràn. Òpó wó, ẹgbẹ́ onílé ra òpó. Wáyà já lóru, ẹnì kan sọ pé òun mọ ọmọkùnrin kan tí ó lè so ó. Ta ni agbanisíṣẹ́ ọmọkùnrin náà? Ẹgbẹ́ onílé tí ó pè é, tí ó sì san owó rẹ̀, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó kéré tán, kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ lé àkàbà, ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó gba iṣẹ́ náà bóyá ó ti forúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀gá náà bá ní òun kò ì tíì ṣe é, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Owó rẹ̀ lè fi díẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Kò lè pọ̀ tó owó pósí.

Àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní ààbò mìíràn, nítorí pé òfin adójútòfò ti ọdún 2003, tí òfin mìíràn rọ́pò ní 2025, ti pàṣẹ nígbà náà pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé tí ó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ra adójútòfò nítorí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní Jikwoyi àti Kurudu, irú wọn kò sì sí nínú ohun tí àṣẹ yẹn ń wí.

Ní ti àwọn ọ̀gá fúnra wọn, àwíjàre mẹ́ta ni wọ́n sábàá ní. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í gba owó oṣù, nítorí náà kò sí ohun tí a ó mú ìdá kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ó sì yẹ kí àjọ náà ṣe àlàyé rẹ̀ kedere fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti lè fa wáyà sínú ilé odidi láìsí ọ̀gá níbẹ̀, tí ọ̀gá sì ń gba owó iṣẹ́ náà, ó yẹ kí iye kan máa jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì wà lákọsílẹ̀. Kí ọ̀gá sì rántí pé iye tí ó bá kọ sílẹ̀ ni wọn yóò fi wọn ohun tí ìyàwó àti ọmọ yóò jẹ: ẹni tí ó bá kọ 20,000 sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń gba 70,000 kò jí owó ìjọba, owó opó ni ó jí.

Èkejì ni pé àdúrà ti tó. Èyí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì tún wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò ṣẹ̀ sí Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: pé owó tí a bá dá sọ́wọ́ ìjọba, a kì í rí i mọ́. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà tí ń yẹ ìṣirò owó wò, ni gbogbo ayé ti gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ikán ti jẹ ìwé ẹ̀rí ìnáwó NSITF tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún náírà. Ẹni tí ó ń fi òógùn ojú kó 700 náírà jọ lóṣù kò ní gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú u. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti gba ìgbẹ́kẹ̀lé padà, ọ̀nà tí ó sì rọrùn jù ni kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó ti gba owó di mímọ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kí opó kan dìde nínú ìpàdé àwọn oníṣẹ́ iná, kí ó sọ fúnra rẹ̀ pé òun ń gbà á. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ikán ṣe àwíjàre mọ èyí: òfin náà wà fún ààbò òun pẹ̀lú. Níbi tí òfin bá ti fi owó gbà-má-bìínú lélẹ̀, òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ kò tún lè gbé agbanisíṣẹ́ lọ sílé-ẹjọ́ lórí ìjàǹbá náà kan náà. Ẹni tí kò dá owó kankan ni yóò máa wo ojú ẹbí òkú.

Ẹnì kan ṣì kù tí òfin náà kò bò dáadáa, òun ni ó sì pọ̀ jù ní Karu: oníṣẹ́ iná tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí ó ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé. Lónìí ó ń so fáànù, lọ́la ó ń tún mítà ṣe, kò sì sí agbanisíṣẹ́ kan pàtó tí a lè dì mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra adójútòfò ìjàǹbá ti ara rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ọjà náà wà, bí àwọn tí ń tà á kò bá tilẹ̀ í wá sí Karu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ni kí ìjọba la ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná yóò fi lè máa dá owó pọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sínú àpò kan náà. Èésú àti àjọ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún lè dá ti adójútòfò.

Ọ̀rọ̀ ààlà ń da àwọn kan láàmú. Karu méjì ni ó wà: ọ̀kan wà lábẹ́ olú-ìlú, èkejì sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Oníṣẹ́ iná lè sùn ní Mararaba, kí ó jẹun àárọ̀ ní Nyanya, kí ó sì ṣubú ní Karu. Kò ṣe nǹkan kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì ká ìhà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ká Kano àti Jos.

Ohun tí ó ń ṣe nǹkan ni ọjọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó farapa, tàbí ẹbí rẹ̀ bí ó bá kú, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí. Ọdún kan sì ni òfin fi sílẹ̀ fún ìwé ìbéèrè owó náà. Ibí gan-an ni ìwà ìdálẹ̀ ti ń pa wá lára. Bí ẹni wa bá kú ní Karu, ìkánjú wa ni láti gbé e relé. Ọkọ̀ á gbéra lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìsẹ́yìn, wọ́n á sin ín, opó á wọ ilé opó. Nígbà tí yóò bá fi rántí Karu, onílé ti gba yàrá, àwọn tí wọ́n jọ wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Lafia tàbí Lokoja, ọ̀gá ti yí nọ́mbà fóònù rẹ̀ padà. Kò sí ìwé dókítà, kò sí ẹlẹ́rìí, ọdún sì ti yí po.

Nítorí náà, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ṣí ìwé ìdáwó, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ ìwé kan sí agbanisíṣẹ́, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé ilé ìwòsàn tí ó sọ ohun tí ó pa á kí òkú tó kúrò ní ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́mbà fóònù àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí opó bá ti wà nílé, kò pọn dandan kí ó padà wá sí Àbújá kí ó tó béèrè, nítorí pé àjọ náà ní ẹ̀ka káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ìwé ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn fún un. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá rán tẹ̀lé òkú lọ sílé ni ó yẹ kí ó mú àpò ìwé náà dání, kí ó sì fi í lé opó tàbí àgbà ẹbí kan tí ó mọ̀wé lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọdún kan náà yóò pé tí a kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.